Òfin fún mi ní ìdajì oko bàbá wa, ọkàn mi ò gbà á

Ọmọ Ìyàwó Kékeré (Àkúrẹ́), ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí n kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ nínú ilé, torí gbogbo ilé ló kàn.

Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́, nílànà ìbílẹ̀. Ìyáálé bí ọmọ márùn-ún. Màmá mi ni ìyàwó kékeré, èmi nìkan ni wọ́n bí. Bàbá ò ṣe ìwé ìhágún. Wọ́n fi ilé kan sílẹ̀ níbí l'Àkúrẹ́, wọ́n sì fi oko kòkó éékà 10 sílẹ̀ lọ́nà Ìdànrè.

Nígbà tí ètò ìsìnkú parí, olórí ẹbí wa, tí í ṣe àbúrò bàbá wa, pè wá jọ. Wọ́n ní ká fi ilé sílẹ̀ ná, pé oko làwọn fẹ́ pín, ìdí-igi làwọn sì máa fi pín in, ìyẹn ni pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ máa gba ìpín kan náà. Ìdí-igi méjì ló wà. Éékà 5 bọ́ sọ́dọ̀ ìyáálé, éékà 5 bọ́ sọ́dọ̀ tiwa. "Tiwa" yẹn, èmi nìkan náà ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi márààrún pín éékà 5 tó kù, éékà kọ̀ọ̀kan ló kàn wọ́n.

Àkọ́bí bàbá wa, tí mo ń pè ní Bọ̀dá, ti lé ní àádọ́ta ọdún. Látìgbà tí wọ́n ti jáde ìwé mẹ́fà ni wọ́n ti wà lóko yẹn. Àwọn ni wọ́n ń gé àfòmọ́ lórí igi, àwọn ni wọ́n ń fín oògùn nígbà òjò tí kòkó bá fẹ́ máa rà lórí igi. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá ò gbé wọn dé oko mọ́, Bọ̀dá ni wọ́n ń ta kòkó, wọ́n á kó gbogbo owó wá bá bàbá nílé. Owó yẹn ló rán mi níwèé. Òfin ni mo ń kà, l'Akùngbá, ọdún kẹrin mi rèé.

Nígbà tí wọ́n pín in tán, Bọ̀dá dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún olórí ẹbí, wọ́n gbọn ẹ̀wù wọn, wọ́n sì lọ. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni n kò lè gbàgbé.

Wọ́n ti kọ́ wa ní ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní kíláàsì. Ọkùnrin kan kú l'Ékòó, ó ní ìyàwó 4 àti ọmọ 9. Adájọ́ Jibowu, tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ìdí-igi tako òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere, pé orí-ò-jorí, ìyẹn iye kan náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ni kí wọ́n fi pín ogún náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa nígbà yẹn yí ìdájọ́ náà padà lọ́dún 1958, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé àṣà náà ò tíì kú. Ọ̀rọ̀ náà dé ìlú Ọba. Lọ́dún 1962, àwọn adájọ́ Privy Council, ibi tí ẹjọ́ ilẹ̀ wa ń parí sí nígbà yẹn, fara mọ́ ìdí-igi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dáa. Ìyàwó 4, ọmọ 9: nọ́ńbà lásán ni lójú mi nígbà yẹn.

Òfin wà lẹ́yìn mi. Kí ló wá dé tó ń ṣe mí bí ẹni tó jí nǹkan? Bí òfin bá wà lọ́tọ̀, tí òdodo náà wà lọ́tọ̀, kí ni mo ti ń kọ́ láti ọdún mẹ́rin yìí?

Àkànbí Ìsìnkàn (Àkúrẹ́), ọjọ́ Ajé, aago 10 alẹ́

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ìwọ ń ka orí, àwọn baba wa ń ka ìdí. Wọn ò ya òmùgọ̀. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá tèmi ní. Ìyá mi bí méjì, ìyá kan bí mẹ́rin, ìyá kan bí méje. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá mi fi ru kòkó, tí wọ́n fi sá a, tí wọ́n fi dáná fún àwọn lébìrà. Ká ní orí-ò-jorí ni wọ́n fi pín oko yẹn ni, ilé ọlọ́mọ méje ìbá gba ibi tó pọ̀ jù, bíi pé inú bíbí nìkan ni obìnrin fi ń ṣiṣẹ́ nílé ọkọ. Ìdí-igi ló gbà wá. Òun ni ò jẹ́ kí ìyàwó máa bá ìyàwó figagbága lórí ọmọ bíbí.

Tún wo èyí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ ọmọ ìyá márùn-ún. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, wọ́n á gbára jọ. Ìwọ ńkọ́? Ta ni ọmọ ìyá rẹ? Àwọn tó ṣe òfin yẹn ti rí irú ọmọ bíi tìrẹ rí, ọmọ tí wọ́n rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ilé ńlá, wọ́n sì wá nǹkan dì í mú. Má jẹ́ kí ìwé tí o ń kà mú ọ kórìíra ohun tó ń dáàbò bò ọ́.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Òǹdó), ọjọ́ Ajé, aago 11 alẹ́

Mo kí yín o. Ẹ má bínú tí mo bá ya ọ̀rọ̀ sọ́nà mìíràn, àmọ́ ìbéèrè arábìnrin yìí gún mi lọ́kàn.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ọdún kẹta rèé. Kò sí adájọ́ kankan tó tíì dá a lẹ́bi. Ìjà ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, fóònù ẹnìkan sọnù, wọ́n kó gbogbo àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn tí èèyàn wọn rówó mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwa ò rí. Ẹ̀sùn ìdigunjalè ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Gbogbo ìgbà tí a bá dé kóòtù, wọ́n á sún un síwájú. Ẹni tó ni fóònù náà ti kó kúrò nílùú.

Ìwé òfin ní aláìṣẹ̀ ni títí wọ́n á fi dá a lẹ́bi. Mo mọ̀ ọ́n lórí báyìí. Aláìṣẹ̀ yẹn ló ń sùn lórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n fún. Ìyá wa ò jẹ ẹran látọjọ́ náà, wọ́n ní àwọn ò lè máa jẹ ohun tí ọmọ àwọn ò rí jẹ.

Lọ́yà Alágbàká (Àkúrẹ́), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6 àárọ̀

N kò rí oorun sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́yà.

Arákùnrin ará Òǹdó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí àbúrò yín há sí. Lóòótọ́, abala 36 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni. Abala 35 tún sọ pé bí wọ́n bá ti ẹnìkan mọ́lé fún oṣù méjì láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀, yálà pẹ̀lú àdéhùn tàbí láìsí àdéhùn. Àmọ́ nísàlẹ̀ abala 35 yìí kan náà, wọ́n yọ ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú kúrò nínú àǹfààní oṣù méjì yẹn. Ikú sì ni ìjìyà ìdigunjalè. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ "ìdigunjalè" sórí ìwé ẹ̀sùn ti ti ìlẹ̀kùn yẹn, kódà bó ṣe fóònù kan ṣoṣo ló sọnù. Kóòtù májísíréètì ò sì lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè. Wọ́n kàn lè ní kí wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀ sẹ́wọ̀n títí ọ́fíìsì DPP, ìyẹn olórí àwọn lọ́yà ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, á fi sọ bóyá ẹjọ́ wà ńlẹ̀ tàbí kò sí. Bí fáìlì bá sùn lórí tábìlì, èèyàn náà á sùn lẹ́wọ̀n.

Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá tún sún un sí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà lọ tọrọ béèlì rẹ̀ nílé ẹjọ́ gíga, torí ibẹ̀ lágbára tí májísíréètì ò ní. Bí owó ò bá sí, ẹ lọ bá Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ẹ sì béèrè ìgbà tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ máa tún bẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà wò. Òfin fún wọn lágbára láti dá ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n mú un, kó ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó dé.

Lọ́dún 1985, Adájọ́ Oputa sọ nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìdájọ́ òdodo ń gbà: ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ti ẹni tí wọ́n ṣe níkà, àti ti àwùjọ. Lórí ọ̀rọ̀ àbúrò yín, kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta tó tíì jèrè nǹkan kan. Olóhun ò rí fóònù rẹ̀ gbà.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, màá padà wá bá ọ. Kóòtù ń dúró dè mí l'Òkè-Ẹ̀dá.

Tíṣà Ọ̀bà-Ilé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4 ìrọ̀lẹ́

Ìṣirò ni mo ń kọ́ni, torí náà mo mú bírò. Bí wọ́n bá fi orí-ò-jorí pín éékà 10 fún ọmọ 6, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba éékà 1 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ohun tí Bọ̀dá máa rí kún tiwọn ò tó éékà kan. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ìgbà èwe wọn ṣe ò hàn nínú ìṣirò kankan níbẹ̀. Ìdí-igi ò kà á, orí-ò-jorí ò kà á. Ẹni tó wà l'Ékòó tí kò dé oko rí àti ẹni tí àdá ti kọ lẹ́sẹ̀ nígbà mélòó kan, iye kan náà ni wọ́n máa gbà. Àbúrò, mo fẹ́ kí o wò ó bóyá ohun tó ń dùn ọ́ ni pé wọ́n ka ìdí dípò orí, àbí pé wọn ò ka òógùn.

Ọ̀rọ̀ ìdádúró tí ará Òǹdó sọ tún mú mi rántí nǹkan. Ní April 14, 2007 ni a dìbò gómìnà nípìnlẹ̀ yìí. February 23, 2009 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ pé Mimiko ló wọlé, kì í ṣe Agagu tó ti ń ṣe gómìnà. Oṣù 22! Inú wa dùn lọ́jọ́ náà, mo wà lójú pópó Adésidà pẹ̀lú àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá oṣù 22 padà fún ìpínlẹ̀? Ẹ̀yin tó dàgbà jù mí lọ ti rí tọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde Omoboriowo dípò Ajasin. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun èèyàn. Kóòtù dá Ajasin padà sípò, ẹni tó ti kú ò jí. Kí ọdún náà tó parí, ológun gbàjọba, wọ́n sì ti Ajasin mọ́lé.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Ọjà Ọba, Àkúrẹ́), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8 alẹ́

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Èmi ń sọ, òun ń kọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ìdí-igi. Èmi ni ìdí igi náà. Ọkọ mi kú, ìyàwó mẹ́ta la jẹ́. Wọ́n ka ìdí-igi, wọ́n ní tèmi kan yàrá méjì lápá ọ̀tún. Mo rò pé mo ti ní yàrá méjì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọmọ mi ló ni ín, pé wọ́n kàn fi èmi kà á ni. Ẹni kẹta wa, tí kò bímọ, wọn ò ka tiẹ̀ rárá. Ọdún 17 ló lò nílé náà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìfọ̀n.

Igi tí ẹ fi ń pín ogún, òun fúnra rẹ̀ kì í jogún.

Ìwọ ọmọbìnrin tó ń ka òfin, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín oko yẹn, níbo ni ìyá rẹ jókòó sí?

Ọmọ Ìyàwó Kékeré, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 alẹ́

Ẹ ṣé, Màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ilé ìdáná ni wọ́n wà. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, àwọn àti ìyáálé. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣa ẹ̀wà tí a máa jẹ lẹ́yìn ìpàdé. Èmi wà ní pálọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, torí pé ọmọ ni mí, mo ní ìpín. N kò tilẹ̀ ronú kàn án pé kí wọ́n wọlé wá jókòó.

Lọ́yà Alágbàká, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10 alẹ́

Òótọ́ ni Màmá sọ, òfin sì kín in lẹ́yìn. Lọ́dún 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, ọ̀tọ̀ ni ìlànà tiẹ̀, ìyàwó ní ìpín níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ra nílànà ìbílẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù. Ilé ẹjọ́ kan náà ló sì fagi lé àṣà tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún nílẹ̀ Igbo, nínú ẹjọ́ Ukeje lọ́dún 2014. Nítorí náà, n kò gbà pé ìlẹ̀kùn ti tì pa. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kàn án ni.

Àbúrò mi akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí àwọn adájọ́ ìlú Ọba ń gbọ́ ẹjọ́ Dawodu, wọ́n sọ ohun kan tí mo máa ń rò ṣáá: pé ohun tó jẹ́ òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere níbi tí ọkùnrin ti ń fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, kò pọn dandan kó bá ti ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹyọ kan mu. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí pé wọn ò fi òṣùwọ̀n tiwọn wọ̀n wá. Àmọ́ bí mo ṣe ń dàgbà, mo ń béèrè pé ẹ̀rí ọkàn ta ni wọ́n wá gbé yẹ̀ wò? Jibowu tó sọ pé ó tako òdodo, Yorùbá ni. Irú Màmá yìí ńkọ́, ta ló bi wọ́n léèrè?

Ọdún kẹfà mi lẹ́nu iṣẹ́, mo jàre ẹjọ́ ilẹ̀ kan torí pé lọ́yà ẹni kejì pẹ́ kó tó fi ìwé sílẹ̀. Bàbá arúgbó ni ẹni kejì náà. Òfin ni mo lò, n kò purọ́, n kò fún ẹnikẹ́ni ní rìbá. Bàbá náà bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n ní, "Lọ́yà, ẹ ṣeun, ẹ mọṣẹ́." Ó ti pẹ́, mo ṣì ń rí ojú wọn. Má ṣe rò pé wàá kàwé dé ibì kan tí èyí ò ti ní máa dùn ọ́ mọ́.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Òǹdó), ọjọ́ Rú, aago 7 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé. Ọdún 31 ni mo fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ẹjọ́ ogún tí n kò lè kà tán.

Ọmọ mi, o ka ẹjọ́ Dawodu, àmọ́ o ò sọ ìdajì rẹ̀ kejì fún wa. Lóòótọ́, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà. Wọ́n tún sọ pé bí àríyànjiyàn bá wà láàárín àwọn ọmọ lórí bí wọ́n ṣe máa pín in, olórí ẹbí lágbára láti sọ pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò, ohun tó bá sì sọ ló máa dúró. Àṣà náà fi ojú ihò sílẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìdí-igi máa dun ẹnìkan ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn gbọ́dọ̀ wà! Ìyẹn ni kókó rẹ̀. Bọ̀dá rẹ dọ̀bálẹ̀, wọ́n lọ. Àwọn yòókù dákẹ́. Kí ni olórí ẹbí máa gbé yẹ̀ wò? Kóòtù gan-an kì í dá ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè. Mo ti rí i nígbà púpọ̀ tí olóòótọ́ èèyàn pàdánù torí pé ó rò pé ojú òun ti sọ ọ́. Akọ̀wé kì í kọ ojú sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń kọ.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ ti kọ ìpín náà sínú ìwé, ṣé ẹ ti fi òpó sí ààlà? Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè pe ìpàdé. Bí kálukú bá ti gba ìwé tiẹ̀, tó bá dọ̀rọ̀ kóòtù, mo bẹ yín. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Àkànbí Ìsìnkàn, ọjọ́ Rú, aago 8 àárọ̀

Bàbá, mo dúpẹ́ o, n kò mọ ìdajì kejì yẹn. Síbẹ̀, kí la fẹ́ fi ìpàdé ṣe? Àbúrò, gba éékà 5 rẹ, kí o wá fi éékà 2 ta Bọ̀dá lọ́rẹ. Inú rẹ á balẹ̀, oko wọn á pọ̀ ju ti orí-ò-jorí lọ pàápàá. Tíṣà lè bá wa ṣírò rẹ̀: éékà 3 ni wọ́n máa ní.

Ọmọ Ìyàwó Kékeré, ọjọ́ Rú, aago 9 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, mo ṣe ohun tí ẹ sọ. Mo pe Bọ̀dá lórí fóònù lọ́sàn-án. Mo ní mo fẹ́ fún wọn ní éékà 2 nínú tèmi.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́ tó fi jẹ́ pé mo rò pé iná fóònù wọn ti tán. Wọ́n wá ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ ni? Tí o bá fún mi ní éékà 2, màá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ títí tí màá fi kú. Àwọn ọmọ mi á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ. Lórí oko tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn. N kò fẹ́ ọpẹ́ yẹn. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹnìkan nínú ilé náà lanu sọ pé ó tọ́ sí mi. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, kí wọ́n tún fún mi ní éékà 1 yẹn, màá gbà á."

Mo sunkún, n kò purọ́. Mo ti rò pé oore ni mo fẹ́ ṣe.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún, ọjọ́ Rú, aago 10 alẹ́

Ohun tí Bọ̀dá sọ yìí, àbúrò mi ti sọ ọ́ fún mi rí, n kò kàn mọ bí mo ṣe máa pè é. Ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan l'Ọ̀ṣun tí wọ́n dájọ́ ikú fún lórí ìdigunjalè, tí gbogbo ayé ń pariwo pé ọ̀rọ̀ adìẹ ni. Gómìnà Adeleke dárí jì í lópin ọdún 2024. Mo lọ sọ fún àbúrò mi lẹ́wọ̀n pé kó mọ́kàn le, pé wọ́n ń dárí ji èèyàn. Ó wò mí, ó ní, "Kí ni mo ṣe tí wọ́n máa dárí rẹ̀ jì mí? Kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi."

Lọ́yà, ẹ ṣeun. Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Legal Aid lónìí. Wọ́n gba orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n mú un. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn náà.

Tíṣà Ọ̀bà-Ilé, ọjọ́ Rú, aago 11 alẹ́

Mo ti ń ṣírò éékà láti àná, ohun tí Bọ̀dá ń béèrè ò sí nínú ìṣirò mi.

Lọ́yà Alágbàká, ọjọ́bọ̀, aago 6 àárọ̀

Kó má baà di pé a rò pé òfin kì í gbọ́ irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn oṣù 22 tí Tíṣà sọ, àti irú rẹ̀ láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n tún Ìwé Òfin ṣe lọ́dún 2010. Ọjọ́ 180 ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò ní báyìí, kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 60. Èèyàn ló ké, òfin yí padà. Àtúnṣe náà sì ti bí ẹ̀dùn tiẹ̀, torí pé bí ọjọ́ 180 bá pé, ẹjọ́ ti kú nìyẹn, bó ti wù kí ẹ̀rí ẹni náà lágbára tó. Ẹlòmíì ń ké lórí ìyẹn náà báyìí.

Àbúrò, ìwọ ni ìpín náà ṣe lóore. Ẹni tí a ṣe lóore tó bá dìde sọ pé òun ò fara mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ojúkòkòrò ló ń bá a jà. Ọmọ ni ìwọ náà. Àríyànjiyàn tìrẹ tó àríyànjiyàn.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ọjọ́bọ̀, aago 1 ọ̀sán

Ọmọ mi, bí o bá fẹ́ pe ìpàdé náà, má ṣe jẹ́ kí wọ́n tún kó ẹ̀wà fún àwọn ìyá rẹ.

Ọmọ Ìyàwó Kékeré, ọjọ́ Ẹtì, aago 8 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá sọ pé n kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe pín oko. Wọ́n ní, "Kí ló dé, ṣé ó kéré ni?" Mo ní ó pọ̀ jù. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní látìgbà tí àwọn ti ń jókòó pín ogún nílé yìí, àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Mo sọ ti orí-ò-jorí fún wọn, pé agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, bí Bàbá Akọ̀wé ṣe ṣàlàyé. Mo ní kódà bí wọ́n bá lò ó, ohun kan ṣì kù, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí Bọ̀dá ṣe lóko yẹn lójú gbogbo wa, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Wọn ò dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Wọ́n kàn béèrè bóyá Bọ̀dá ló rán mi. Mo ní rárá. Wọ́n ní kò burú, wọn ò tíì fi òpó kankan sí ààlà, ká pàdé lọ́jọ́ Sátidé, aago 10 àárọ̀.

Bí mo ṣe ń jáde, mo yíjú padà. Mo ní mo fẹ́ kí àwọn ìyá wa méjèèjì wà ní pálọ̀. Wọ́n ní, "Láti ṣe kí ni?" Mo ní kí wọ́n kàn jókòó. Wọ́n mi orí. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmọ́ n kò dúró béèrè.

Mo délé, mo sọ fún Màmá mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ yàrá lọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí àpótí aṣọ. Wọ́n ké sí mi láti inú yàrá pé ṣé kí àwọn wọ aṣọ òfì ni àbí àǹkárá, kí n sì sáré lọ bi ìyáálé léèrè èwo làwọn máa wọ̀, kí àwọn méjèèjì lè bára mu.